Iṣẹ́ Tí Mo Rán Màmá Inú Àwòrán

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Bódìjà fún yín. Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìkíni ọjọ́ ìbí ni mo máa ń kọ, kì í sì í ju ìlà kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe. Mo ń fa wáyà, mo ń de súìsì, mo ń tún ilé tí iná rẹ̀ bá jó ṣe. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alẹ́, nítorí náà tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fojú fò ó. Dọ́káàsì ìyàwó mi ti kú, yóò pé ọdún mẹ́ta láìpẹ́. Ọmọ wa kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ìyá kan tó ní gbọ̀ngàn ní Bódìjà pè mí. Madam ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní iná ara ògiri gbọ̀ngàn òun kò tàn mọ́, àlejò sì ń bọ̀ ní Sátidé. Kò sọ irú àlejò tó ń bọ̀. Èmi náà kò bèèrè. Ta ni oníná tó ń bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iná ṣe?

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú gbọ̀ngàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ni àwòrán ìyá àgbàlagbà kan. Ó tóbi. Wọ́n gbé e ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá náà wọ aṣọ funfun, irú èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Tábìlì kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Òdòdó wà lórí tábìlì náà, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bírò.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ni ẹ ó rò?

Ní Ìbàdàn yìí, tí a bá rí àwòrán ńlá àgbàlagbà, tí a rí tábìlì funfun àti òdòdó, tí a tún rí ìwé àti bírò, a kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ṣí fìlà. Mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó gbọ́ mi.

Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé kì í ṣe fọ́tò. Ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. Mo ní àwọn ọmọ ìyá yìí mà tọ́jú rẹ̀ o. Ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè kúrò níbẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ní àyè, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tí kò sì kánjú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bẹ́ẹ̀.

Ojú ìwé náà ṣófo. Mo rò ó pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo mú bírò.

Èrò mi ni pé kí n kọ ìlà kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dọ́káàsì kú, wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ilé wa ní Challenge. Gbogbo ènìyàn ló kọ sí i, àfi èmi. Ṣé ọkọ máa ń kọ̀wé ìbánikẹ́dùn aya rẹ̀ ni? Èmi ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Mo jókòó sórí àga, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ bá a sọ kò jáde láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe. Tí wọ́n bá fẹ́ sin òkú, wọn a máa rán an níṣẹ́ sí àwọn tó ti lọ ṣáájú. Wọn a ní kó bá àwọn kí bàbá àwọn, kó sọ fún ìyá àwọn pé báyìí báyìí. Pásítọ̀ wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìsìnkú tí mo lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa tí n kò ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo kọ nìyí. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, nítorí wọ́n ti kà á sí mi létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ:

“Màmá, ẹ sùn re o. N kò mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ojú yín jọ ojú ẹni tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi kí Dọ́káàsì, ìyàwó Gòkè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ sọ fún un pé mo ń jẹun. Ẹ sọ fún un pé n kò tíì ṣe iná kíṣìnnì. Kó má bínú. Ilé ti dákẹ́ jù.”

Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, Adégòkè. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi náà sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ara mi fúyẹ́. Mo gbé àkàbà, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Madam wọlé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbé nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọ́n ń tú wọn, wọ́n ń gbé wọn ti ògiri. Àwòrán ènìyàn ni gbogbo wọn. Mo rí ọkùnrin kan tó ń wa kéké. Mo rí àwọn ìbejì tí orí wọn ti funfun. Ọkàn mi kọ́kọ́ sọ pé òkú wọ̀nyí mà pọ̀ o. Mo wá bi Madam láti orí àkàbà pé ìgbà wo ni ìsìnkú.

Ó ní ìsìnkú ta ni? Mo fi ọwọ́ júwe ìyá ẹnu ọ̀nà.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ìdíje ni, ìdíje yíya àwòrán ojú ènìyàn. Àwọn ayàwòrán tó wọlé pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ló kù. Ní Sátidé, ẹni tó bá wá yóò wo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, yóò kọ nọ́ńbà èyí tó wù ú jù àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé orí tábìlì. Èyí tí àwọn ará ìlú bá yàn jù ló máa gba ẹ̀bùn.

“Màmá yẹn gan-an ń bọ̀,” ó ní. “Òkè Àdó ni wọ́n ń gbé. Ara wọn le ju tèmi lọ.”

Súkúrúdíráfà já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ya ojú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi òwú rán ni. Tí o bá ya ọ̀kan, ìkejì rẹ̀ á tú. Madam sì dúró tì í. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n la ẹnu, kí n ní, Madam, mo ti ṣe àṣìṣe. Gbólóhùn kan péré ni. N kò lè sọ ọ́. Mo parí iṣẹ́, mo tan gbogbo iná, mo pa ìwé náà dé bí ẹni tó ń tún tábìlì ṣe, mo bá wálé.

Ní Fúráìdeè, mo wà lórí àjà ilé ẹnìkan ní Ring Road nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn ọmọbìnrin ni. Ó bi mí bóyá èmi ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè. Ó ní Mojí ni orúkọ òun, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé kan ní Agbowó, òun lòun ya Màmá tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yẹn?”

Mo ní èmi ni.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Madam ṣí ìwé láti kọ àkọlé sí i, ó rí ohun tí mo kọ, ó rò pé eré ni. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù tí gbogbo wọn jọ wà, àwọn ayàwòrán àti ẹbí àwọn tí wọ́n yà. Kọ́lá, ọmọ Màmá, wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ̀wé ikú ìyá òun nígbà tí ìyá òun ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní láàárọ̀ Sátidé, kí àlejò kankan tó dé, òun á wá gbé àwòrán náà kúrò fúnra òun.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wọ ìdíje yìí, Bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dé mẹ́wàá nìyí. Ọmọ Màmá ní àfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá wá bẹ àwọn nílé fúnra rẹ̀.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí n kò lè sọ gbólóhùn kan fún Madam ni mo fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo ní mò ń bọ̀.

Èmi àti Mojí pàdé ní Òkè Àdó lọ́sàn-án. Ọmọ tín-ín-rín kan ni, ọ̀dà aláwọ̀ búlúù ṣì wà léèékánná rẹ̀. Mo ra búrẹ́dì dání. Àpò irinṣẹ́ mi wà léjìká mi, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láìsí i.

Kọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ mi ni, bóyá ó tiẹ̀ fi ọdún kan jù mí lọ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ni akọ̀wé ọ̀run?”

Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dìde, ẹ má ba ṣòkòtò jẹ́. Ẹ kàn sọ fún mi. Ìyá mélòó lẹ ti rán lọ láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ iná?”

Mo ní ìyá tirẹ̀ ni àkọ́kọ́.

Mojí bú sí ikọ́ lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́.

Kọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun ò ya fọ́tò ńlá rí láyé rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, fọ́tò yẹn làwọn gbé síwájú pósí rẹ̀. Ó ní látìgbà tí Màmá ti gbà kí wọ́n ya àwòrán wọn lòun ò ti sùn dáadáa. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàgbé ẹ̀rù náà ni oníná kan wá kọ sínú ìwé pé ẹ sùn re. Mo gbọ́ ọ. Inú ló bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìnkùlé.

“Kọ́lá, ta ló kọ lẹ́tà sí?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n…”

“Mo ní ta ló kọ lẹ́tà sí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n gba àlejò mi.”

Màmá jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ojú inú àwòrán náà gẹ́lẹ́ ni. Ó yà mí lẹ́nu bí Mojí ṣe mú un. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní kí Mojí ka lẹ́tà náà sókè láti orí fóònù rẹ̀. Ó kà á. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

“O ní o ń jẹun,” Màmá ní. “Kí lò ń jẹ?”

“Búrẹ́dì, mà. Nígbà mìíràn, ìrẹsì.”

“Irọ́ lo fẹ́ kí n lọ pa fún un nìyẹn. Iná kíṣìnnì ńkọ́?”

Mo ro ó fún wọn. N kò mọ bí ó ṣe jáde. Mo ní wáyà tó wà nínú ògiri kíṣìnnì wa jó nígbà tí Dọ́káàsì ṣì wà. Kíṣìnnì ọ̀hún kì í rí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, nítorí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò wa ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ní ọ̀sán gangan, ó ṣókùnkùn. Fún ọdún méjì ni Dọ́káàsì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù dáná. Tó bá ní kí n ṣe é, màá ní lọ́la, nítorí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀. Kì í bínú. Á kàn ní, “Ọkọ mi ń tan iná fún gbogbo Ìbàdàn, èmi ń wá iyọ̀ nínú òkùnkùn.” Á sì rẹ́rìn-ín.

Mo tún sọ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alẹ́, yàrá kan là ń gbé ní Agbowó. Wọ́n máa ń mú iná lọ. Dọ́káàsì á wá jókòó tì mí, á gbé àtùpà sókè lé ìwé mi títí màá fi parí. Tí mo bá ní kó lọ sùn, á ní, “Ta ló máa wá mú àtùpà?” Obìnrin tó mú iná fún mi kí n tó mọ̀wé kọ nìyẹn, òun náà ni mo sì jẹ́ kó máa dáná nínú òkùnkùn.

Màmá kò dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ yìí,” wọ́n ní.

Mo ní ẹ má bínú, mà.

“Mi ò bínú. Rò ó wò. Mo dé ọ̀hún, mo wá ìyàwó rẹ rí, mo ní ọkọ rẹ ní òun ò tíì ṣe iná kíṣìnnì. Kí ló máa bi mí? Á ní kí ló ń dí i lọ́wọ́. Kí ni kí n wá sọ? Kí n rin gbogbo ọ̀nà yẹn, kí n wá máa wo ojú ọmọlọ́mọ láìní èsì. Lọ ṣe iná náà, kí n lè rí ọ̀rọ̀ gidi gbé lọ. Kò sì sí ìkánjú, torí mi ò tíì múra.”

Kọ́lá ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Màmá, àwòrán yẹn ńkọ́?”

“Ibi tó wà ló máa wà. Mo jókòó fún ọmọ yìí fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí. Ṣé kí n wá jókòó lásán ni?”

Mojí kúnlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ṣèlérí. Mo ní ní Sátidé, àwòrán Màmá ni màá yàn, màá tún kó àwọn oníná ẹgbẹ́ mi wá kí wọ́n yàn án.

Màmá wò mí. “Ṣé o ti wo àwọn yòókù?”

“Èmi ni mo tan iná sí wọn, mà.”

“Mi ò bèèrè iná. Ṣé o wò wọ́n?”

“Rárá, mà.”

“Má ṣèlérí nígbà náà. O ti kọ ohun tí o ò mọ̀ sínú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan. Má tún kọ èyí tí o ò rò.”

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kó òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, mo fi tọ́ọ̀ṣì sórí, mo wọ kíṣìnnì. Láti ìgbà tí Dọ́káàsì ti lọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, n ó na ọwọ́ mú ìkòkò, n ó sì jáde. N kò wọ inú rẹ̀ dé ìdí ògiri.

Mo rí nǹkan kan lára ògiri. Ẹnìkan ti fi èédú ya àmì róbótó kan sókè ibi tí sítóòfù wà, ó sì fa ìlà láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ obìnrin ti máa tó súìsì. Ta ni ìbá tún ṣe é? Dọ́káàsì ti fi àmì sí ibi tó fẹ́ kí iná òun wà. Ó ń dúró de ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀.

N kò lè fi ṣísẹ́ẹ̀lì kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí tọ́ọ̀ṣì fi rẹ̀wẹ̀sì.

Ní Sátidé, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí Bódìjà. Gbọ̀ngàn kún. Ọkùnrin oníkéké inú àwòrán kẹta ti kó àwọn oníkéké ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n tò sídìí ìwé, wọ́n ń kọ mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Mojí dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń jẹ èékánná.

Màmá wọlé pẹ̀lú Kọ́lá, nínú aṣọ funfun kan náà. Àwọn ènìyàn ń wo àwòrán, wọ́n ń wo Màmá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá lọ tààrà sídìí ìwé. Wọ́n ṣí i dé ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ ohun tí mo kọ. Mo lọ wò ó nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni: “Mo gbọ́. N kò tíì lọ.”

Èmi náà wo àwọn àwòrán, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Màmá ṣe fẹ́ kí n ṣe. N kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà. Mo kàn ń dúró níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a bá kí ènìyàn tí a ń retí èsì rẹ̀. Màmá inú àwòrán ṣì ń wò mí bí ẹni tó ní àyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìkeje, ẹsẹ̀ mi kò lọ mọ́.

Apẹja kan ní Ẹlẹ́yẹlé ni. Ó jókòó sẹ́bàá omi, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó tẹrí ba. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kọjá lọ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá tẹ̀lé àwọ̀n náà dé etí àwòrán, ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ lásán ni, kò ní ojú, kò ní ara. Ó di òpin àwọ̀n mú kí ó le dan-in fún un. Ọkùnrin yẹn kò mọ̀ pé a ń wo òun. Kò tiẹ̀ gbójú sókè wo ẹni tó ń bá a di àwọ̀n mú. Ó ti mọ̀ pé ẹni náà wà níbẹ̀, ó sì rò pé yóò máa wà níbẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo lọ sídìí ìwé. Mo rí Mojí tó ń wò mí láti kọ̀rọ̀. Mo kọ méje. Ní ibi tí wọ́n ti ní kí a kọ ìdí, mo kọ ọ́ pé: nítorí ọwọ́ kejì.

Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ pé oníkéké ló gbẹ̀bùn. Ariwo rẹ̀ dé òpópónà. Àwòrán Mojí ló ṣìkejì. Apẹja tèmi kò rí ju àwa díẹ̀ lọ.

Mojí wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ yàn wá.”

Mo ní Màmá ní kí n má kọ ohun tí n kò rò.

Ó pòṣé. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èmi náà, méje ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má sọ fún Màmá o.”

Màmá wà nínú mọ́tò, wọ́n ti sọ gíláàsì kalẹ̀. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

Mo ní n kò tíì ṣe é. Mo sọ ọ̀rọ̀ àmì èédú fún wọn. Mo ní tí mo bá gbẹ́ ògiri náà, àmì ọwọ́ rẹ̀ á lọ.

Wọ́n bi mí pé, “Kí ló fi yà á síbẹ̀? Ṣé kí o máa wò ó ni?”

Kọ́lá wa mọ́tò lọ.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí ọmọ mi pè tán, mo wọ kíṣìnnì. Mo tẹ̀lé ìlà Dọ́káàsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò wọ́ níbì kankan. Mo gbẹ́ ẹ, mo fa wáyà tuntun sínú rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tó ya àmì róbótó sí ni mo so gílóòbù sí. Ibi tó ní kí súìsì wà ló wà. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀ fún èmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló wọ̀n ọ́n fún. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni. Wákàtí mẹ́ta, ẹ̀yin ará.

Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí eruku lórí ìkòkò. Mo rí agolo iyọ̀ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ní gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá a.

Mo gba nọ́ńbà Màmá lọ́wọ́ Mojí, mo pè wọ́n. Mo ní iṣẹ́ tí mo rán yín ti yí padà, mà.

“Kí ni kí n wá sọ fún un?”

“Ẹ ní mo ti ṣe é. Ẹ ní ibi tó fi àmì sí ni mo so ó mọ́.”

“Ìyẹn dáa. Ìyẹn ṣeé jẹ́.” Wọ́n fi kún un pé, “Àmọ́ kò ní í tètè gbọ́ ọ o. Wá máa kí mi kí ó tó dìgbà náà. Má ra búrẹ́dì wá.”

Mo se ìrẹsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ́ lórí àpótí nínú kíṣìnnì. Ilé ṣì dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé iná lé ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo ń jẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ jọ fún ọdún mẹ́ta, mo ń retí òkú tó máa bá mi gbé e lọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé alààyè náà ṣeé rán níṣẹ́. Tí ẹnìkan bá sì ń mú àtùpà fún yín báyìí, ẹ gbójú sókè kúrò nínú ìwé, kí ẹ wò ó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹni yín ti ní kí ẹ ṣe, tí ẹ ṣì ń sọ pé lọ́la? Àbí ẹ ti ṣe irú àṣìṣe tèmi yìí rí? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, bó gùn, bó kúrú. Èmi nìkan ni mo wà nílé, màá kà á tán.